Kọ̀ǹpútà Kékeré Tó Ń Gba Àpèkọ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ láti Ìgbẹsà níbí, lágbègbè Adó-Odò, dá lórí kọ̀ǹpútà kékeré alágbèéká, irú èyí tó ṣeé tì bọ inú báàgì ọwọ́, àti iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó lè ṣe: kí ènìyàn jókòó tì í, kó máa sọ̀rọ̀, kí ẹ̀rọ náà sì máa kọ ohun tó ń gbọ́ sílẹ̀. Àpèkọ ni, bí olùkọ́ ṣe ń pè é tí ọmọ ilé ìwé ń kọ ọ́, àfi pé ẹ̀rọ ló jókòó sí àyè ọmọ ilé ìwé. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì kà á sí ìrọ̀rùn lásán, ohun tó wà fún ẹni tí ọwọ́ ń dùn tàbí ẹni tí kò lè tẹ̀wé kíákíá. Èrò tèmi ni pé fún àwa tí ń kọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ju ìrọ̀rùn lọ. Èdè wa wà lára àwọn èdè tí àpèkọ sí ẹ̀rọ lè ṣe lóore jù, nítorí ohun tó ń fún wa ní wàhálà jù lọ tí a bá ń tẹ Yorùbá ni ohun tí ẹnu wa ń ṣe láìronú rárá. Bí ẹ̀rọ kò bá tíì ṣe é dáadáa lónìí, ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn èdè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lọ́rùn ọ̀nà yìí fúnra rẹ̀. Ibi tí ẹ̀bi wà ni mo fẹ́ ká jọ wá lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ara kíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe to lẹ́tà sórí kíbọ́ọ̀dù tí gbogbo wa ń lò yìí, láti ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ilé iṣẹ́ Remington bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Amẹ́ríkà ní 1874 ló ti wá. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà lọ́kàn àwọn tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ní àsìkò yẹn, kíkọ Yorùbá kì í ṣe ohun tuntun mọ́. Àjàyí Crowther ti gbé ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè wa ti bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Nígbà tó sì di 1875, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ẹ̀rọ Remington dé ọjà, àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí pàdé l'Ékòó láti fẹnu kò lórí bí ó ṣe yẹ ká máa kọ èdè náà. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà kò gbọ́ nípa ìpàdé yẹn, kò sì sẹ́ni tó lérò pé ó yẹ kí wọ́n gbọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa kò sinmi lẹ́yìn náà. Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní 1965, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Ẹnu kò lórí ibi tí àmì yẹ kó wà, ṣùgbọ́n àmì náà kò dé orí bọ́tìnnì. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ fáwẹ̀lì kan bíi ọ̀ lórí kọ̀ǹpútà lásán ní láti wá àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀, kó tún wá èyí tó wà lórí rẹ̀, kó tó lè kọjá sí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Ẹ rìn láti afárá Sàngó ní Ọ̀tà dé ẹnu ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, kí ẹ máa ka pátákó ara ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ó rí orúkọ Ọ̀tà tí wọ́n kọ ní "Ota", ẹ ó tún rí i ní "Otta" tó ní t méjì, ṣùgbọ́n ẹ ó pẹ́ kí ẹ tó rí ibi tí wọ́n ti fún un ní gbogbo àmì tó tọ́ sí i.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó wá nǹkan ṣe sí i. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá YorubaName, ìkànnì orúkọ Yorùbá, sílẹ̀ ní 2015. Wọ́n sì gbé kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ jáde tí ènìyàn lè fi tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì. Google náà ti fi Yorùbá sínú kíbọ́ọ̀dù orí fóònù. Ìrànlọ́wọ́ ni gbogbo èyí, ẹni tó bá fara balẹ̀ kọ́ ọ yóò sì jàǹfààní rẹ̀. Síbẹ̀, bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ fún gbólóhùn kan kò dín kù. Ṣe ló tún ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n ń fi àmì sílẹ̀ pátápátá. Yorùbá tó pọ̀ jù lórí WhatsApp àti Facebook wà ní ìhòòhò, òǹkàwé ló sì ń fi òye tirẹ̀ wọ aṣọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Iroro Orife gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde ní 2018, tó fi kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa dá àmì padà sórí Yorùbá tí wọ́n ti kọ láìsí i. Bí àmì bá rọrùn láti tẹ̀ ni, ta ni ìbá máa wá ẹ̀rọ tí yóò dá a padà?

Ẹ wá gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ẹnu ń ṣe. Obìnrin tó ń ná gaàrí lọ́jà Ìgbẹsà kò ka ìwé àkọtọ́ kankan rí, síbẹ̀ kò sí àmì òkè tàbí àmì ìsàlẹ̀ kan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Gbogbo ohun tí kíbọ́ọ̀dù ń béèrè lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti wà nínú ohùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí à ń pè ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í ṣe àwámáàrídìí. Bí tán-án-ná inú ọ̀fun ṣe ń gbọ̀n kíákíá tàbí díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ̀rọ sì lè wọ̀n ọ́n bó ṣe ń wọn ohunkóhun mìíràn. Àwọn onílù dùndún wa ti fi hàn tipẹ́ bí ìtumọ̀ tó wà nínú lílọ sókè sódò yìí ṣe pọ̀ tó: wọ́n yọ kọ́ńsónáǹtì kúrò, wọ́n yọ fáwẹ̀lì kúrò, ẹni tó gbọ́ ìlù sì mọ oríkì ẹni tí wọ́n ń kì. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, gíga ohùn lè sọ bóyá inú ń bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tàbí ó ń béèrè ìbéèrè, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ̀rọ̀ kan di òmíràn. Nínú Yorùbá, ó ń sọ ọ́ di òmíràn. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó bá ní etí gidi ń rí nǹkan gbà lẹ́nu Yorùbá ju èyí tó ń rí gbà lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹnu ló yẹ kó jẹ́ ojú ọ̀nà wa wọ inú kọ̀ǹpútà, kí kíbọ́ọ̀dù wá di ohun tí a fi ń tún ibi kéékèèké ṣe.

Àtakò àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ pé yóò jáde ni pé ẹ̀rọ kò lè mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀, pé èdè aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ìdáhùn sí èyí kò jìnnà sí wa. Ìgbẹsà níbí ni Ogun-Guangdong Free Trade Zone wà, níbi tí àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣe táìlì àti oríṣiríṣi ọjà mìíràn. Èdè ìjọba wọn, Mandarin, ní ohùn mẹ́rin. Cantonese tí wọ́n ń sọ ní Guangdong fúnra rẹ̀ tó mẹ́fà. Ìṣòro tiwọn pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù tún burú ju tiwa lọ, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì ni wọ́n fi ń kọ̀wé, kò sì sí bọ́tìnnì tó lè gbà wọ́n tán. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ iFlytek ti wà ní ìlú Hefei láti 1999, iṣẹ́ rẹ̀ pàtàkì sì ni kí ẹ̀rọ máa gbọ́ èdè Ṣáínà kó sì máa kọ ọ́. Lónìí, ohun ojoojúmọ́ ni ní Ṣáínà kí ènìyàn máa sọ̀rọ̀ sí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kó sì máa di ìwé. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé Ṣáínà kì í fi á-bí-dí kọ̀wé bíi tiwa, kó wo Vietnam. Lẹ́tà tí àwa ń lò ni àwọn náà ń lò, wọ́n ń fi àmì sórí fáwẹ̀lì, wọ́n ń fi sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ sì ń gba àpèkọ èdè wọn pẹ̀lú gbogbo àmì náà. Ohun tí èdè olóhùn mìíràn ti ṣe kò lè jẹ́ èèwọ̀ fún Yorùbá.

Kí ló wá fà á tí tiwọn fi ṣiṣẹ́ tí tiwa sì ń tàsé? Ìtàn ẹ̀rọ wọ̀nyí ló máa sọ fún wa. Ní 1962, IBM fi ẹ̀rọ kan hàn tó ń jẹ́ Shoebox, ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógún péré ló lè dá mọ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1980, Tangora ti ilé iṣẹ́ kan náà gbọ́ ọ̀rọ̀ tó tó 20,000, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ lò ó ní láti kọ́kọ́ fi ohùn tirẹ̀ kọ́ ọ. Ní 1997 ni Dragon NaturallySpeaking dé, tí ènìyàn fi lè sọ̀rọ̀ geere láìdúró láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Ìlọsíwájú yìí kò wá láti inú ọgbọ́n nìkan; ohùn tí wọ́n ń kó jọ ló ń pọ̀ sí i. Nígbà tí OpenAI gbé Whisper jáde ní September 2022, wákàtí 680,000 ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ. Nínú rẹ̀, èdè mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì jọ pín 117,000, tí Yorùbá wà láàárín wọn. Ẹ wá wo ohun tí a fúnra wa fi lélẹ̀. Ní 2020, nígbà tí Google àti àwọn onímọ̀ tí Kọ́lá Túbọ̀sún wà lára wọn tẹ àkójọ ohùn Yorùbá tó mọ́ gaara jáde fún gbogbo ayé, ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin. Ìròyìnspeech tó tẹ̀ lé e ní 2023 tó nǹkan bíi wákàtí 42, láti ẹnu nǹkan bí ọgọ́rin ènìyàn. Iṣẹ́ ńlá ni, mo kí àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wò ó: wákàtí mẹ́rin, ilé iṣẹ́ rédíò Yorùbá kan ṣoṣo ti sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí oòrùn ọ̀sán tó là. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí OGBC ti ń sọ Yorùbá láti Abẹ́òkúta, BBC Yorùbá náà ti wà láti 2018. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀, tí a kọ bó ṣe jáde lẹ́nu, tí a sì fi àmì sí, òun ló wọ́n.

Ẹ̀rí tún wà láti ibòmíràn pé ohùn tí a fún ẹ̀rọ ló ń pinnu ẹni tó máa gbọ́. Ní 2020, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Stanford dán ẹ̀rọ àpèkọ Amazon, Apple, Google, IBM àti Microsoft wò pẹ̀lú ohùn àwọn ọmọ Amẹ́ríkà. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ. Lápapọ̀, ẹ̀rọ ṣi ọ̀rọ̀ bíi mọ́kàndínlógún gbọ́ nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí aláwọ̀ funfun ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí aláwọ̀ dúdú ń sọ̀rọ̀, ó di márùndínlógójì. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹnu àwọn aláwọ̀ dúdú ló bàjẹ́. Ohùn wọn ni kò pọ̀ tó nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ. Ohun kan náà ló mú kí dókítà Tobi Ọlátúnjí àti ilé iṣẹ́ Intron bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohùn àwọn ará Áfíríkà jọ, kí dókítà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Nàìjíríà lè sọ àkọsílẹ̀ aláìsàn sí ẹ̀rọ kó sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Àkójọ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023, AfriSpeech, jẹ́ igba wákàtí, láti ẹnu àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì láti orílẹ̀-èdè mẹ́tàlá. Fún Yorùbá fúnra rẹ̀, nǹkan ti ń yí padà. Àkójọ NaijaVoices fi wákàtí 1,800 lélẹ̀ fún Yorùbá, Ígbò àti Haúsá, láti ẹnu àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ní 2024, Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ènìyàn lè sọ sí kíbọ́ọ̀dù orí fóònù kó sì kọ ọ́. Láàárín wákàtí mẹ́rin àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí, ọdún díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó dán an wò lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn tó sì sọ pé kò wúlò, òótọ́ ló sọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó dán wò kọ́ ló wà lọ́jà mọ́.

Níbi tí mo dé yìí, àtakò tó wúwo jù fún àwa ará ibí ń bọ̀, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Yorùbá wo ni ẹ̀rọ ń gbọ́? Àwórì ni wá ní Ìgbẹsà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni àwọn Yewa wà, àwọn Ègùn wà lọ́nà Àgbádárìgì, ilé iṣẹ́ ńláńlá sì ti kó Ígbò, Haúsá àti ọmọ ibi gbogbo wá sí Àgbárá àti Ọ̀tà. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu wa lójúmọ́ kì í ṣe Yorùbá inú ìwé. Orísun ohùn tí wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí sì ni Bíbélì tí wọ́n kà sókè àti ìròyìn. Èyí tí Meta gbé jáde ní 2023 fún èdè tó lé ní ẹgbẹ̀rún, kíka Májẹ̀mú Tuntun ló gbára lé jù. Ní 2024, Orevaoghene Ahia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n pè ní YORÙLECT. Wọ́n dán ẹ̀rọ wò lórí Yorùbá àjùmọ̀lò, ti Ifẹ̀, ti Ìjẹ̀bú àti ti Ìlàjẹ. Ẹ̀rọ ṣe dáadáa lórí Yorùbá àjùmọ̀lò ju lórí àwọn ẹ̀ka èdè lọ. Nígbà tí wọ́n sì fi ohùn díẹ̀ láti inú ẹ̀ka èdè wọ̀nyẹn kọ́ ọ, ó sunwọ̀n sí i. Kókó méjì ni mo mú níbẹ̀. Èkíní, àtakò yẹn tọ́: ẹ̀rọ ń fi ẹni tí kò sọ Yorùbá ìwé sílẹ̀. Èkejì, oògùn rẹ̀ ti hàn, kò sì ju pé kí a fi ohùn kún ohùn lọ. Ohun tó wá kù tó yẹ kó dun ọmọ Àwórì ni pé àwa kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n dán wò. Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyí. Nígbà tí wọ́n ń gbé Yorùbá sínú ìwé ní ayé Crowther, ẹnu Ọ̀yọ́ ló gba iwájú, ó sì ti di ohun tí gbogbo wa gbà. Ìwé lè fara da irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí olúkúlùkù lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà tí ẹ̀rọ kò gbọ́ tirẹ̀, kò ní yí ẹnu rẹ̀ padà nítorí kọ̀ǹpútà; yóò kúkú dákẹ́.

Àwọn kan á tún ní ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ìwé, pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ á máa tún ọ̀rọ̀ sọ, á máa yà kúrò lójú ọ̀nà, ohun tó máa jáde kò sì ní ní ìjìnlẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ játijàti á rí ìwé játijàti gbà, n kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ wa pé ìwé ni ọ̀rọ̀ gidi, wọ́n sì gbàgbé pé Milton tiwọn, tó ti fọ́jú, ẹnu ló fi pe ìwé ewì rẹ̀ ńlá ti 1667 fún àwọn tó bá a kọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnu ni ilé ìjìnlẹ̀ èdè láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí Adébóyè Babalọlá ń ṣe iṣẹ́ lórí ìjálá, èyí tó tẹ̀ jáde ní 1966, ẹnu àwọn ọdẹ ló ti gba ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó lè ka iṣẹ́ náà kó sọ pé kò jinlẹ̀ nítorí ẹnu ló ti jáde. Ohun tó gba agbára nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí a gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀, ká dá a dúró, ká kọ, ká dá a padà, ká tún gbọ́. Wákàtí kan ohùn lè jẹ odindi ọjọ́ kan lọ́wọ́ akọ̀wé. Ibẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà kékeré ti wúlò. Bí ó bá kọ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ, iṣẹ́ akọ̀wé di àtúnṣe, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ mọ́.

Àwọn olùkọ́ náà ní ẹ̀sùn tiwọn: pé ọmọ tó bá ń pe ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí i mọ́. Èmi ń bi wọ́n pé nínú àwọn tó ń tẹ Yorùbá lórí fóònù lónìí láìsí àpèkọ rárá, mélòó ló ń fi àmì sí i? Kíbọ́ọ̀dù ti pa àṣà náà kí ẹ̀rọ àpèkọ tó dé. Àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ìbá ní ẹjọ́ tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n bá sọ pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń fi àmì tí kò tọ́ sí i. Ìyẹn burú, ó tún burú ju kí àmì má sí lọ, nítorí òǹkàwé tó rí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì á ronú, ẹni tó rí àmì tí kò tọ́ á gbà á gbọ́. Ìdí rẹ̀ sì ni pé inú ìwé tí kò ní àmì, tàbí tí àmì rẹ̀ kò tọ́, ni ẹ̀rọ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Etí rẹ̀ gbọ́ ohùn òkè, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ kò fi hàn án bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Nítorí náà, àwọn olùkọ́ Yorùbá gan-an ni iṣẹ́ yìí nílò jù, kì í ṣe àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan. Ẹni tó mọ àmì ló gbọ́dọ̀ yẹ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ wò.

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà wà níbẹ̀. Lórí fóònù, ohùn tí ènìyàn ń sọ sábà máa ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà, níbi tó jìnnà, kó tó padà wá bí ìwé. Akọ̀wé ààfin tó ń gba ẹjọ́ ilẹ̀ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń kọ ẹni tó jẹ gbèsè àti iye tó jẹ, kò yẹ kí wọ́n rán irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde láìbéèrè. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 kò sì fi ọ̀rọ̀ àṣírí ènìyàn ṣeré. Èyí wà lára ohun tó mú mi sọ pé kọ̀ǹpútà kékeré sàn ju fóònù lọ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ bíi Whisper ṣeé gbà sórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, kí ọ̀rọ̀ má kúrò nínú yàrá. Yorùbá rẹ̀ kò tíì dára tó, ó pọn dandan kí n sọ ìyẹn. Àwọn onímọ̀ ti ń mú un, wọ́n ń fi ohùn Yorùbá tún un kọ́. Ojú kọ̀ǹpútà tún fẹ̀ ju ti fóònù lọ, ó rọrùn láti ka ohun tí ẹ̀rọ kọ ká sì tún un ṣe, ohùn àti ìwé rẹ̀ sì lè jọ wà níbì kan náà kí ẹni tó bá ń jiyàn lè gbọ́ ohun tí wọ́n sọ gan-an. Ti iná mànàmáná kò le púpọ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré, kódà tòkunbọ̀ láti Ìkẹjà, ń jẹ iná tó kéré gan-an, bátìrì rẹ̀ tó bá ṣì lágbára sì lè gbé ìpàdé kan já.

Ariwo ló le. Ẹni tó mọ títì Àgbárá sí Àtàn mọ ohun tí tírélà ń ṣe sí etí, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta kò sì ní dákẹ́ nítorí pé ẹnì kan fẹ́ pe ọ̀rọ̀ fún kọ̀ǹpútà. Máìkì tó wà lára kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo yàrá, kò sì mọ èyí tí í ṣe ènìyàn. Íápíìsì tó ní máìkì lẹ́bàá ẹnu yanjú púpọ̀ nínú rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àdàlù èdè tún wà níbẹ̀: ẹni tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ka owó láàárín Yorùbá, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe, á rí i pé ẹ̀rọ tí wọ́n ní kó gbọ́ èdè kan ṣoṣo yóò dàrú níbi tí owó bá ti dé. Akọ̀wé tó gbọ́n á fi ọwọ́ tẹ iye owó.

Bí a bá gbà pé ohùn ló kù, a jẹ́ pé ibi tí ohùn wà ni iṣẹ́ wà. Yunifásítì Crawford wà ní Ìgbẹsà níbí. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìpínlẹ̀ Ògùn, OGITECH, wà ní Ìgbẹsà níbí kan náà. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní méjèèjì máa ń wá iṣẹ́ tí wọ́n máa fi ṣe àṣekágbá, mo sì mọ̀ pé ìlú tó yí wọn ká kún fún àgbàlagbà tí Àwórì ṣì dá ṣáká lẹ́nu wọn. Mozilla ti ṣí àkójọ Common Voice sílẹ̀ fún Yorùbá, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè ka gbólóhùn sókè, kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ kó sì jẹ́rìí pé ó tọ́. Ohun tí wọ́n bá kó jọ níbẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn láti lò. Àgbàlagbà tí kò mọ̀wé kà kò lè ka gbólóhùn lójú kọ̀ǹpútà o; tirẹ̀ gba pé kí ọmọ ilé ìwé jókòó tì í, kó bi í ní ìbéèrè, kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀, kó sì kọ ọ́ pẹ̀lú olùkọ́ tó mọ àmì. Wọn kò sì gbọdọ̀ fi Bíbélì àti ìròyìn nìkan ṣe é. Orúkọ ẹja àti bí wọ́n ṣe ń ná an, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ààlà, ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń pín àjọ, bí wọ́n ṣe ń júwe ọ̀nà láti Ìgbẹsà dé Àtàn fún àlejò, ìwọ̀nyí ni kó kọ́kọ́ wọlé, nítorí àwọn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àti akọ̀wé ààfin yóò kọ́kọ́ pè fún ẹ̀rọ.